Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ ní Èkìtì, Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ ní England

"O fi Èkìtì sílẹ̀, o wá lọ ń po tíì fún òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́?" Irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa nílé máa ń sọ nìyí tí wọ́n bá gbọ́ pé ènìyàn ń ṣiṣẹ́ tí kò lówó nínú ní kílọ́ọ̀bù àdúgbò ní England. Ó ń dunni, torí àwọn gan-an ló kọ́ wa ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá ń ro ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí inú gọ́tà kí ọdún ìbílẹ̀ tó dé, ta ló ń sanwó fún wọn?

Mo ti lo ọdún kan báyìí ní irú kílọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá ṣeré níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbàlagbà sì ń wá jẹun ọ̀sán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò le ju ti ilé lọ. Ìwé tó ṣáájú iṣẹ́ ló le, àti ohun tí wọn kò jẹ́ kí o ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà ọ́ wọlé.

Ti ilé kò gba àlàyé, Èkìtì kete ló mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ní Adó, ní Ìkéré tàbí ní Ọ̀yẹ́, wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, agbolé wo lo ti wá. Bí alága bá ti mọ bàbá rẹ, ó parí. O san owó ìwọlé, o ra aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ìdáwó, bí o bá pẹ́ dé ìpàdé, o san ìtanràn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n lè ní kí o lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ.

Ní England, kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ. Ìwé ló máa sọ ẹni tí o jẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ẹni méjì tó mọ̀ ọ́ tí kì í ṣe ẹbí, tí wọ́n lè kọ lẹ́tà nípa ìwà rẹ. Lẹ́yìn náà ni DBS, àjọ ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, tó ń yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wò. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ tàbí tó ń mójú tó wọn láìsí ẹlòmíràn tó ń ṣọ́ ọ, bó bá ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ jù ni wọ́n máa ṣe fún un. Ẹni tó bá ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò DBS yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kọsẹ̀. Ó ń béèrè gbogbo orúkọ tí o ti jẹ́ rí, àti ọdún tí o jẹ́ wọn. Tí páàsípọ́ọ̀tì bá ní orúkọ mẹ́ta, tí ti báńkì ní méjì, tí obìnrin sì ti yí orúkọ padà nígbà ìgbéyàwó, kí gbogbo rẹ̀ hàn níbẹ̀, títí kan orúkọ ìsàmì tí wọ́n fi ń pè ọ́ nílé-ìwé. Ó tún ń béèrè gbogbo ibi tí o ti gbé láàárín ọdún márùn-ún, láìsí oṣù kan tó sọnù láàárín. "Ẹ̀yìn ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì" kò tó. Kọ orúkọ àdúgbò, ìlú, Ìpínlẹ̀ Èkìtì, pẹ̀lú oṣù tí o dé ibẹ̀ àti oṣù tí o kúrò. Bí o bá fi àlàfo sílẹ̀, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù náà padà.

Ojúlówó ìwé ni wọ́n ń wò, wọn kì í gba ẹ̀dà. Páàsípọ́ọ̀tì kan pẹ̀lú ìwé méjì mìíràn tó máa fi ọjọ́ ìbí àti ibi tí o ń gbé hàn. Ìwé báńkì kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, èyí tí o sì tẹ̀ jáde fúnra rẹ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò wúlò. Bẹ tẹ́lẹ̀ kí báńkì fi èyí tó dára ránṣẹ́ sí ọ. DBS kò rí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí kílọ́ọ̀bù fi lè ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wa nílé.

DBS kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ àwọn tó ń bá kílọ́ọ̀bù fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ lè gba owó iṣẹ́ tiwọn. Ìwé ẹ̀rí DBS, ilé rẹ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí. Ìwọ lo máa gbé e lọ fún kílọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lo ní láti fi orúkọ sílẹ̀ fún ètò tó máa jẹ́ kí kílọ́ọ̀bù mìíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni fún wa. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ẹni márùn-ún ń gbé, tí lẹ́tà ń wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọgbọ̀n ọjọ́ ń kọjá kíákíá, ó wá di pé kí ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Ti owó ọkọ̀ náà yàtọ̀. Nílé, alága á ki nǹkan bọ̀ ọ́ lápò, ìwọ á sì dúpẹ́. Níbí, iye tó wà lórí rìsíìtì gan-an ni wọ́n máa san padà. Tí wọ́n bá ń fún ọ ní iye kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà o náwó tàbí o kò náwó, òfin lè kà á sí owó oṣù, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún ní ogún wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ sì lè fi bẹ́ẹ̀ kó sí wàhálà físà. Ẹ má ṣe bínú tí akápò bá kọ̀. Ẹ̀yin ló ń dáàbò bò.

Nínú ilé ìdáná, oúnjẹ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ tutù ju ìwọ̀n 63 ti Celsius lọ lórí tẹmómítà, wọ́n sì ní irú èròjà 14 tí ara àwọn kan kò gbà, tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ bó bá wà nínú oúnjẹ: ẹyin, wàrà, ẹja, edé, ẹ̀pà, yànmọ̀tí àti àwọn yòókù. Ẹni tó bá bu edé sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀ lè pa ènìyàn. Èyí yé mi dáadáa, kò sì dùn mí rárá.

Ohun tó ń dùn mí ni ti ìyá àgbà tí kò wá jẹun lọ́sẹ̀ kan. Ní Èkìtì, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Níbí, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa ni àdírẹ́sì rẹ̀ wà, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sílé rẹ̀ bó ṣe wù mí. Olùdarí ni mo máa sọ fún. Òun á pè é lórí fóònù, bí kò bá gbé e, á pe ẹni tí ìyá náà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, wọ́n á ní kí ọlọ́pàá lọ wò ó. Ó ṣeé ṣe kí n má gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí, torí ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Mo mọ ìdí rẹ̀: àwọn arúgbó tó ń dá gbé pọ̀, àwọn olè sì ń wọlé tọ̀ wọ́n bí ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, àyà mi kì í balẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọdé. O kò gbọdọ̀ dá gbé ọmọ sínú ọkọ̀ rẹ, o kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, o kò gbọdọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Bí ọmọ bá wá sọ fún ọ pé wọ́n ń ṣe òun níkà nílé, má ṣèlérí pé o kò ní sọ, má sì da ìbéèrè bò ó. Gbọ́ ọ, kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an bí ó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ, fi déètì sí i, fọwọ́ sí i, kí o sì fún ẹni tó ń bójú tó ààbò ọmọ. Ọmọ Èkìtì tó bá ṣe bí ti ilé, tó pe àwọn àgbà ẹbí jọ láti parí ọ̀rọ̀, ti ba ẹjọ́ náà jẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọ náà ló dá a padà sí. Mélòó nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la ti fi "ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé" bò mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Tí mo bá rántí èyí, mi ò lè bínú sí ìwé mọ́.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò ní òfin. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, máa kéde ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní ohun tí yóò sọ lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Àmọ́ òfin náà kò béèrè ẹni tó ń dúró ti ọmọdé ní pápá.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìdí tí mo fi ń lọ nìyí, tí n kò sì kábàámọ̀. Àlejò tó ti gbé ìlú wa fún ọgbọ̀n ọdún, ó ṣòro kí ẹgbẹ́ ìlú tó fi í ṣe akápò, torí a kò mọ agbolé rẹ̀. Níbí, ẹni tí kò ní ẹbí kankan nílùú lè fi ìwé rẹ̀ àti iṣẹ́ ọdún kan gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn, kí ó sì máa ṣílẹ̀kùn fún ọmọ onílé. Ìyẹn níyì lójú mi ju tíì tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Kí ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtiwá ti kọ àdírẹ́sì ọdún márùn-ún sínú ìwé kan láti ilé. Ẹ jẹ́ kí orúkọ orí páàsípọ́ọ̀tì, ti báńkì àti ti ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé bára mu, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ ọlọ́pàá nígbà tí ẹ ṣì wà ní Nàìjíríà, torí wọ́n máa ń gba ìtẹ̀ka fún un, gbígbà á láti òkèèrè sì ní wàhálà púpọ̀.