Wọn ò la ikùn mi, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀ sínú yín

Ẹ̀yin tí òkúta inú kíndìnrín ti fojú yín rí màbo bíi tèmi, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìrora yẹn fún yín. Ẹ mọ èyí tó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ wá sí abẹ́nú, tí ìjókòó ò gbà á, tí ìdùbúlẹ̀ ò gbà á. Torí náà, nígbà tí dókítà ní àwọn ò ní la ikùn mi, pé ojú ihò ìtọ̀ làwọn máa gbà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí, kí àwọn fi iná léésà fọ́ òkúta náà sí wẹ́wẹ́, ọpẹ́ ni mò ń dá. Kò sí ojú ọgbẹ́, kò sí rírán.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo sùn, mo jí, òkúta ti fọ́. Ohun tí ẹnì kankan ò jókòó ṣàlàyé fún mi ni rọ́bà tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú mi.

Stent ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà rírọ̀ ni, ti àgbàlagbà sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 24 sí 26, orí rẹ̀ méjèèjì sì ká kò bí ìwọ̀ ẹja. Orí kan wà nínú kíndìnrín, èkejì wà nínú àpò ìtọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ gbà kọjá máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́, tó bá sì wú dí, ìtọ̀ á há sókè, ìrora àkọ́kọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Stent ló ń jẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Ó wúlò, mi ò bá a jà, kẹ́nikẹ́ni má wá sọ pé mò ń lé èèyàn kúrò nílé ìwòsàn.

Àmọ́ òru tí mo kọ́kọ́ sùn sílé! Mo tọ̀ tán, mi ò tíì dé orí bẹ́ẹ̀dì tí ìtọ̀ tún ti ń gbọ̀n mí. Mo padà lọ, ẹ̀kán méjì péré ló kán, ó sì ń ta mí bí ó ṣe ń kán. Nígbà tó wá rọ́nà jáde dáadáa, bó ṣe ń parí lọ ni nǹkan gún mi lẹ́yìn, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí kíndìnrín wà gan-an. Mo di ògiri mú. Mo wolẹ̀, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ti pọ́n wẹ̀ẹ̀. Mo ní ó ti tán, wọ́n ti fi léésà lu kíndìnrín mi. Ìyàwó mi ń kan ilẹ̀kùn: "Dádì, ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ o, ṣé kò sí?" Mi ò lè dáhùn, torí mo ti ki etí táwẹ́lì bọ ẹnu kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ igbe mi. A pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì gbé e. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, stent yẹn ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ọ̀rọ̀ tí kò gba ìṣẹ́jú kan! Orí rọ́bà tó wà nínú àpò ìtọ̀ ló ń ha ibẹ̀ lára, òun ló ń mú kí ìtọ̀ máa gbọ̀n mí ṣáá. Bí àpò ìtọ̀ bá sì fún ara rẹ̀, ìtọ̀ díẹ̀ máa ń gba inú rọ́bà padà sókè, ìyẹn ló ń gún mi lẹ́yìn. Ká ní wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, mi ò ní sunkún lóru ọjọ́ yẹn.

Wọ́n fún mi ní tamsulosin, oògùn tó ń dẹ iṣan ọ̀nà ìtọ̀, ara fúyẹ́. Nígbà tó yá wọ́n fi jẹ́lì pa ibẹ̀ kú, wọ́n ti kámẹ́rà wọlé, wọ́n fa rọ́bà jáde, ó tán.

Ẹ̀kọ́ kìíní: kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́ oorun, ẹ béèrè pé, "Kí lẹ máa fi sílẹ̀ sínú mi, ọjọ́ wo lẹ máa yọ ọ́?" Kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Àwọn stent kan ní okùn tó yọ síta tí wọ́n kàn máa fà, àwọn kan ò ní, ẹ bi wọ́n èwo ni tiyín. Ẹlòmíì ti gbàgbé rẹ̀ sínú nítorí ara ti yá a. Bó bá ti ń kọjá nǹkan bí oṣù mẹ́ta, òkúta lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí rọ́bà náà fúnra rẹ̀ ká, kó di pé wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ léraléra kó tó jáde. Kíndìnrín lè bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì: bí wọn ò tilẹ̀ fi abẹ kàn yín, ara á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ti ẹ̀yìn awọ ara fi ìgbì lu òkúta, ìlú Munich ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún èèyàn lọ́dún 1980. Kò wọnú ara rárá, síbẹ̀ àfọ́kù òkúta yẹn ojú ìtọ̀ náà ni yóò gbà jáde, yóò sì ta yín.

Ẹ̀kọ́ kẹta, kìíní náà ni, mo mọ̀, ẹ jẹ́ n tún un sọ. Ẹ béèrè ohun tó máa kù sínú yín. Ẹ̀yin bàbá tí prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká lábẹ́ àpò ìtọ̀, ń dà láàmú, ìbéèrè yín náà nìyẹn. UroLift, àwọn ìdè kéékèèké tó ń fa prostate sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìtọ̀ lè kọjá, inú ara ló máa wà. iTind, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ ọ̀nà ìtọ̀ níbi prostate, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje ni wọ́n máa ń yọ ọ́. Rezum, èyí tó ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́, kì í fi irin kankan sílẹ̀, àmọ́ prostate máa ń kọ́kọ́ wú, nítorí náà ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbé rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde síta (catheter) lọ sílé fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìtọ̀ tó pọ́n díẹ̀, tó sì ń ta, stent lè fà á. Àmọ́ bí ibà bá dé pẹ̀lú òtútù tó ń mú yín gbọ̀n, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ń bá ìtọ̀ jáde, tàbí ìtọ̀ ò jáde mọ́ rárá, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ tó há tí kòkòrò sì wà nínú rẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ kíákíá. Ẹ lọ lóru yẹn, kí ẹ sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá yín lóhùn níbẹ̀ pé stent wà nínú yín.