Lórí Àtẹ̀gùn Truganini

Ní ọ̀sán àná, mo gun àtẹ̀gùn onípákó gígùn tó wà ní Erékùṣù Bruny, ní Tasmania lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìrántí Truganini, obìnrin onílẹ̀, ọmọ bíbí erékùṣù náà. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbá mi lójú, ṣùgbọ́n n kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Ọdún 1803 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Tasmania. Ní 1830, wọ́n to ọkùnrin tó lé ní 2,000 káàkiri igbó láti lé àwọn onílẹ̀, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́kù lọ sí Erékùṣù Flinders, níbi tí àìsàn ti pa ọ̀pọ̀ wọn.

Kí Truganini tó kú ní 1876, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gé ara òun. Síbẹ̀, wọ́n hú egungun rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1904 títí di 1947. Egungun ìyá àgbà! Ọdún 1976 ni wọ́n tó sun ún, tí wọ́n da eérú rẹ̀ sínú omi.

Àwọn kan máa ń sọ pé Truganini ló kẹ́yìn ìran rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan, ọmọ onílẹ̀, fi ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun tó wà lọ́rùn rẹ̀ hàn mí: wẹ́wẹ́, ó ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sín in.