Mágásíìnì fún obìnrin tó ti lé lógójì: ohun tó pa More, àti ohun tó lè pa ti Ìbàdàn

Obìnrin tó bá ti ń gbé Amẹ́ríkà ṣáájú 2016 ṣeé ṣe kó mọ More. Ilé iṣẹ́ Meredith ló ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó ti lé lógójì ọdún. Nínú ẹ̀dà oṣù kẹsàn-án 2002, òṣèré fíìmù Jamie Lee Curtis, ẹni ọdún 43, gbà kí wọ́n ya òun láìkunjú, láìtún àwòrán náà ṣe, tikùn tikùn. Ariwo rẹ̀ kò tètè rọlẹ̀. Ní ọdún 2015, Michelle Obama ló ṣe olóòtú àlejò fún ẹ̀dà oṣù keje sí ìkẹjọ. Ọdún ò yí po tí More fi kógbá sílé. Ẹ̀dà oṣù kẹrin 2016 ló kẹ́yìn.

Òǹkàwé kọ́ ló wọ́n. Nígbà tó lágbára, ẹ̀dà tó ń jáde lé ní mílíọ̀nù kan. Àmọ́ owó tí òǹkàwé ń san kì í tó tẹ ìwé. Ìpolówó ló ń gbé e. Àwọn olówó ìpolówó sì gbà pé ọ̀dọ́bìnrin ló ṣì ń yan ọṣẹ àti lọ́fínńdà, pé ìyá ti yan tirẹ̀ tán. (Irọ́ ni. Ta ló ń ra aṣọ ẹbí?) Lear's náà, mágásíìnì mìíràn fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tí Frances Lear dá sílẹ̀ ní 1988, kò kọjá 1994.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston àti Peckham, tí ẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ ka pléètì, ìyẹn awo irin tí wọ́n fi ń tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kékeré ń gba ojú ìwé A4 mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ojú ìwé 48 jẹ́ bébà 6, tojú tẹ̀yìn, àwọ̀ 4 lójú kọ̀ọ̀kan: pléètì 48 nìyẹn, láìtíì ka èèpo. Pléètì tó tẹ 300 náà ló ń tẹ 3,000, ìdí nìyẹn tí atẹ̀wé fi máa ní kí ẹ kúkú tẹ 5,000, pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò dínwó. Yóò dínwó lóòótọ́, 4,000 á sì máa sùn nínú yàrá. Ẹ tètè ra bébà pẹ̀lú. Ti dídán, òkè òkun ló ti ń wá, bí dọ́là bá gbéra, iye tí wọ́n pè lánàá ti yẹ̀.

Lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 11 (point) ni kí ẹ lò, kì í ṣe 9. Ẹni tó ń na fóònù jìnnà kó tó lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní ra ìnira. Ẹ má sì kọ lẹ́tà funfun sórí àwòrán: bébà ń fa ọ̀rinrin lásìkò òjò, ó ń fẹ̀, àwọ̀ mẹ́rin ò ní wọ ara wọn mọ́, lẹ́tà á dí.

Àwọn fẹ́ńdọ̀ Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀ kì í sanwó kí wọ́n tó tà. Èyí tí kò bá tà á padà wá, oòrùn ti ká a létí, àwọn aka-lọ́fẹ̀ẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ gbó. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti àsàlátù ọjọ́ Sunday ló dára jù: ìyá ẹgbẹ́ gba ogún, ó sanwó lọ́wọ́, ẹ fi ẹyọ kan ṣe ènì.

Ní ti ìpolówó, aláṣọ Gbági kì í fẹ́ àdéhùn ọlọ́dún kan. Ó ń sanwó ṣáájú Iléyá àti December. Bí ìwé bá jáde lẹ́yìn Iléyá, ẹ gbàgbé owó yẹn. Kó tó gun ẹ̀rọ, ẹ gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ gan-an níta gbangba, kó fọwọ́ sí i. Léèsì aláwọ̀ ọsàn tó bá jáde ní pupa, kò ní san kọ́bọ̀.