Ẹ dìde kí wọ́n tó kọ́ ilé adìẹ náà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Sampson County

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ra ilẹ̀ sí ìgbèríko North Carolina torí pé kò wọ́n tó ti Raleigh, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Sampson County lèmi àtìyàwó mi ń gbé, ìtòsí Duplin, ibi tí wọ́n ti ń da ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sínú kòtò ńlá, tí wọ́n á tún máa fọ́n ọn sórí oko. Ohun tí mo kọ́ níbí ni pé kí wọ́n tó kọ́lé adìẹ ńlá sítòsí yín ni kẹ́ ẹ ti dìde, tó bá ti dúró tán apá ò ní fẹ́ ká a mọ́.

Lọ́dún 2018 àwọn aládùúgbò kan borí ẹ̀ka tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Smithfield, kọ́ńpìnnì ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ńlá, ní kóòtù lórí òórùn, kódà nínú kéèsì kan júrì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 473.5 dọ́là, òfin ló gé e kù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 94. Ọdún yẹn náà làwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ sáré yí òfin padà, Roy Cooper tó jẹ́ gómìnà nígbà yẹn kọ̀ ọ́, wọ́n dìbò borí ẹ̀. Ní báyìí, tílẹ̀ yín ò bá sí láàárín ààbọ̀ máìlì sí oko náà, tàbí tó bá ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹ ò lè pè wọ́n lẹ́jọ́ mọ́ pé òórùn wọn ń ni yín lára, àfi tí wọ́n bá yí iṣẹ́ oko náà padà pátápátá.

Tadìẹ ló wá le jù. Láti 1997 ni wọ́n ti ní kẹ́nikẹ́ni má dá oko ẹlẹ́dẹ̀ oníkòtò sílẹ̀ mọ́, àmọ́ adìẹ tí ìgbẹ́ ẹ̀ gbẹ, kò sí pé wọ́n ń gba pámíìtì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sí pé wọ́n ń kéde fáráàlú, county gan-an ò lè fòfin zoning, ìyẹn òfin tó ń sọ ohun tí wọ́n lè fi ilẹ̀ ṣe, dá a dúró. Katapílà la kàn rí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Torí náà ẹ yẹ omi kànga yín wò kádìẹ tó dé, ọ́fíìsì ìlera county á bá yín ṣe é, ẹ tọ́jú èsì ẹ̀ tòun ti déètì, kí wọ́n má bàa sọ lọ́la pé bómi yín ṣe rí nìyẹn tẹ́lẹ̀. Màmá kan ládùúgbò wa, dúdú bíi tiwa, ilẹ̀ bàbá-bàbá wọn ni wọ́n wà, ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ bí òórùn ṣe ń dé sí: ọjọ́, aago, ibi tátẹ́gùn ti ń fẹ́, bóyá wọ́n ráyè sáṣọ síta. Àwọn ni wọ́n kọ́ wa. Wọ́n ní ká máa ya fọ́tò òkìtì ìgbẹ́, torí oko tó ní 30,000 adìẹ sókè ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láìbò ju ọjọ́ 15 lọ, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ odò tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ pe DEQ, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àyíká, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́.

Ẹ má sì bá àgbẹ̀ náà jà o. Kọ́ńpìnnì ló ladìẹ, kọ́ńpìnnì ló ń gbé oúnjẹ ẹ̀ wá, àmọ́ ìgbẹ́, òkú adìẹ àti gbèsè báǹkì, tàgbẹ̀ ni. Èyí dùn mí fún un. Nígbà tá a lọ bá aládùúgbò wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó gbà láti bo òkìtì yẹn, ó sì ń pè wá báyìí kó tó kó o jáde. Òórùn ṣì ń wọlé, mi ò ní purọ́, a ṣì ń kọ̀wé sáwọn aṣòfin pé kí wọ́n jẹ́ ká máa gbọ́ kílé adìẹ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Bladen tàbí Duplin tó fẹ́ rí bá a ṣe kọ ìwé náà, kó bi mí, màá fún un.