Mo kọ 3 síbi tó yẹ kí n kọ 9

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ṣì pé, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba kíímò, oògùn jẹjẹrẹ, lọ́wọ́, ẹ mọ fọ́ọ̀mù tí mò ń sọ, èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń fún wa ká tó wọlé bá dókítà: ìrora, àárẹ̀, èébì tó ń gbéni, òògbé, oúnjẹ tí ò wuni, èémí tí ò délẹ̀, ìbànújẹ́, àìbalẹ̀ ọkàn. 0 ni pé kò sí rárá, 10 ni pé kò tún lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi àárẹ̀, 3 ni mo máa ń kọ. Gbogbo ìgbà. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo rò pé tí mo bá kọ nọ́ńbà ńlá wọ́n á ní kí n lọ sinmi ná, wọ́n á sún kíímò mi síwájú, bẹ́ẹ̀ ìka ni mo fi ń ka èyí tó kù. Kí n tó gba ìkẹrin, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ti ń lọ sílẹ̀, 9.1. Dókítà bi mí, "Ṣé ó ń rẹ̀ yín gan-an mà?" Mo ní rárá o, díẹ̀díẹ̀ ni, a dúpẹ́. Ó wo 3 mi, ó ní ó dáa, ká máa bá a lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ẹ̀, mo dìde kí n fọ ẹnu. Ọṣẹ ti wà lórí búrọ́ọ̀ṣì, apá mi ò gbé e dé ẹnu. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí, kò kàn gbé e ni. Mo ní kí n jókòó díẹ̀, ilẹ̀ bálùwẹ̀ ni mo jókòó sí, mi ò sì lè dìde mọ́, èmi tí mo sùn wákàtí mẹ́wàá lóru! Omi ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ, mò ń wò ó, mi ò lè na ọwọ́ pa á. Ọmọ mi obìnrin ń kanlẹ̀kùn, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti ṣe tán?" ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Ó ṣílẹ̀kùn, ó pa omi, ó rọra gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó bá mi fọ eyín níbẹ̀ lórí ilẹ̀. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni.

Wọ́n gbé mi lọ, ẹ̀jẹ̀ ti di 6.7, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 12. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, ara gbé díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n fi sún kíímò mi, ohun tí mò ń sá fún nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ má kọ 3 tí kì í bá ṣe 3. Láti 4 lọ sókè ló yẹ kí wọ́n máa wádìí ohun tó fà á, ẹ̀jẹ̀ ni o, ìrora ni o, oorun tí ò wá, ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì, táírọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ìtọ́jú, àmọ́ ta ni yóò wá a nígbà tẹ́ ẹ kọ 3?

Ẹ̀kejì, àárẹ̀ jẹjẹrẹ kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, oorun kì í gbé e lọ. Ẹ má fi wé ti àtijọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa kọ ọ́ sórí fóònù lójoojúmọ́, torí ọjọ́ tá a bá lọ rí dókítà ni ara wa máa ń yá jù, fọ́ọ̀mù ò rí ọjọ́ kẹsàn-án. Ẹ kọ nǹkan kan tẹ́ ẹ ò lè ṣe mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, èsì ìwádìí kan jáde ní 2017, èèyàn 766 tó ń gba kíímò: àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n, tí nọ́ọ̀sì sì ń rí i, ìdajì wọn lo ju oṣù 31 lọ láyé, ti àwọn tó kù jẹ́ 26.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé mo purọ́ fún dókítà, òótọ́ ni, mo purọ́. Ẹni tí kò gba kíímò rí ò mọ ẹ̀rù tó wà nínú kí wọ́n ní o ò lè gba tòní.

Lánàá, 6 ni mo kọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí, ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Ẹ sọ fún mi mà, láti ìgbà wo?"