Àṣá Ara Gíláàsì

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń dé ilé ìkàwé tí mo ń gbá ní yunifásítì kan níbí, ní Illinois. Tó bá ti di oṣù Kẹsàn-án, kí n tó mú ìgbálẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni mo kọ́kọ́ ń gbà lọ, níbi ògiri onígíláàsì tó dojú kọ igi. Òkú ẹyẹ tó forí sọ gíláàsì ni mo ń lọ ṣà.

Àbúrò mi n'Íbàdàn gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ bá mi yan díẹ̀ sílẹ̀ o!" Mo ní ṣé o fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni? Láti 1918 ni òfin ti wà níbí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó òkú àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri sílé láìgbàṣẹ. Àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n níwèé àṣẹ ni mo ń ṣà á fún.

Ọ̀kan ò kúrò lọ́kàn mi, irú ológoṣẹ́ kan tí ọ̀fun rẹ̀ funfun. Ó ṣì gbóná lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè, mo rí ojú apá rẹ̀ méjèèjì lára gíláàsì, bí ẹni fi àtíkè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Èmi náà ni mo sì máa nù ún.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi tó gbà fò wá. Igi ni mo rí! Igi ẹ̀yìn mi àti ojú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú gíláàsì. Ẹyẹ tó ti fi gbogbo òru rìn, tí iná wa ti fà wálẹ̀, tó ń wá ibi tó máa bà sí, kí ni kò ní fò wọ̀ ọ́?

Ọ̀gá wa lẹ àwòrán àṣá dúdú kan ṣoṣo mọ́ ọn, ó ní ẹ̀rù á bà wọ́n. Ẹ̀rù wo? Wọ́n kàn ń yà fún un ni, wọ́n ń forí sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì kéékèèké ló yẹ kó kún ojú gíláàsì náà, kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, kó sì jẹ́ pé ìta ni wọ́n wà. McCormick Place, gbọ̀ngàn àpérò ńlá kan ní Chicago, ṣe é ní 2024, lẹ́yìn tí ẹyẹ tó súnmọ́ 1,000 kú síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá 2023. Iye tó ń kú wálẹ̀ gan-an. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ó ní owó dà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan kàn dákú ni. Mo gbé e sínú páálí bàtà, mo dé e, mo gbé e síbi tó dákẹ́. Nígbà tó di aago méje, mo gbọ́ tó ń ta pàràpàrà nínú páálí. Mo gbé e lọ sábẹ́ igi tó jìnnà sí gíláàsì yẹn, mo ṣí i. Ó wò mí fìrí, ó lọ.

Àṣá yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń nu eruku ara rẹ̀.