Àpá tó wà nínú orí àbúrò mi

Ọ̀kadà ló gbé àbúrò mi ṣubú ní oríta Ọláìyá níbí l'Óṣogbo, orí ló sì fi balẹ̀. Wọ́n rán an, ọjọ́ kẹta ó ti ń jẹ àmàlà. Nígbà tí irun bo ojú ọgbẹ́ náà, a ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Oṣù kẹsàn-án, ó ń wọn gàrí fún oníbàárà ní ìsọ̀ ìyá wa l'Ọ́jà Ọba, kóńgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Àwọn èèyàn sá. Wọ́n ní wárápá ni, kí ẹnikẹ́ni má tẹ itọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan sì kán.

Dókítà bi wá bóyá ó ti forí gbá nǹkan rí. Ìyá mi ní rárá! Èmi ni mo rántí ọ̀kadà.

Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń bọ́ àwọn tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ, tó sì ń tọ́jú wọn. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì tó sọ wọ́n lórúkọ ní 1856, àtè ló fi wọ́n pè. Dókítà wa ya ọ̀kan fún wa sẹ́yìn ìwé oògùn, ó rí bí ìràwọ̀. Tí orí bá fara pa, àwọn oníràwọ̀ yìí á wú, àwọn kan tí kì í pín mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín, wọ́n á sọgbà bí àpá yí ojú ọgbẹ́ ká kó má bàa ràn. Ààbò ni, àmọ́ nígbà mìíràn iná mànàmáná tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí fi ń ránṣẹ́ á dàrú, gìrì á sì dé.

"Dókítà, ẹ dákun, ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Rárá, Mà. Jẹjẹrẹ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Èyí mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin tí èèyàn yín bá forí gbá, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, torí gìrì lè dé lẹ́yìn oṣù, kódà lẹ́yìn ọdún. Tó bá dé, ẹ má ti nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo fún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kẹsẹ̀ rẹ̀ bọná. Ẹ fi í dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù yá. Itọ́ rẹ̀ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Oògùn náà kò sì gbọ́dọ̀ já: nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àbúrò mi pa tirẹ̀ tì fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ara òun ti yá, gìrì méjì ló dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ó ti padà sídìí oògùn rẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá wa gbé kóńgò gàrí lé e lọ́wọ́ padà.